Omi Tí Ìyá Àgbà Bù fún Àlejò

Nígbà tí wọ́n gbé omi fún pírínsípà níbi ìsìnkú Ìyá Àgbà, ó kọ́kọ́ wo inú kọ́ọ̀pù náà kó tó mu ún. Mo rí i. Ó ṣe é wéré, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin òkú. Ó ní ìyá ilé-ìwé ni. Ó ní abiyamọ tòótọ́ ni. Ó ní kànga tí àwọn ọmọ ń mu lónìí, ìyá yìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Àwọn èèyàn ń mi orí, àwọn obìnrin ìjọ ń ṣe àmín. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo tutọ́ sílẹ̀ bí olóògbé náà ì bá ti ṣe, mo sì fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó, torí pé Ìyá Àgbà kì í gbà kí èèyàn tutọ́ kó má bò ó.

Mi ò kàwé púpọ̀. Káfíńtà ni mí ní Fọlá Àgoro, kíláàsì kẹrin ni mo sì bá háískúùlù dé. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín. Mi ò ní sọ ìtàn ayé Ìyá Àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pírínsípà ti sọ ìyẹn, irọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, títí a ó fi dé ìdí tí ọkùnrin yẹn fi wo inú kọ́ọ̀pù.

Ẹ̀gbin ni ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ẹnu Ìyá Àgbà jù. Bí ó bá rí ọmọ tó ń fi ọwọ́ nu imú, á ní, "Ẹ̀gbin." Bí aládùúgbò bá da omi ìfọṣọ sójú ọ̀nà, "Ẹ̀gbin." Bí àwọn olóṣèlú bá gun ọkọ̀ wá sí Bàríga, tí wọ́n ń bú ìyá ara wọn kí a lè dìbò fún wọn, á jókòó síbi tó ti ń yan ẹja, á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kí èèyàn, "Ẹ̀gbin." Á tutọ́, á bò ó.

Ìlàjẹ ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé òun àti bàbá àgbà wa wá láti etí òkun Oǹdó, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bàríga. Nígbà tí bàbá àgbà kú ló kó wá sọ́dọ̀ ìyá mi, ọmọ rẹ̀, ní Abúlé Òkúta, tòun ti iṣẹ́ ẹja yíyan rẹ̀. Èdè Ìlàjẹ ló ń sọ nílé, bí inú bá sì ń bí i, àwa tí a bí sí Èkó kì í gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ó le ju báyìí lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó bá ń yan ẹja, àwọn ará Èkó á ní ó ń rùn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, á wọ balùwẹ̀ tòun ti kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú, á máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha abẹ́ èékánná, á pẹ́ níbẹ̀ títí ìyá mi á fi máa béèrè látìta bóyá ó ti sùn lọ. Tó bá jáde, òórùn ọsàn nìkan ló kù lára rẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó ń ta aṣọ, Ìyá Làmídì, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀. Ó máa ń fi ìborùn bo imú bó bá ń kọjá níwájú wa. Lọ́jọ́ kan Ìyá Àgbà pè é, ó na ọwọ́ sí i.

"Ìyàwó, wá gbọ́ òórùn rẹ̀."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ ọ. "Màmá, kò rùn."

"Ó dáa. Mú tìrẹ wá kí èmi náà gbọ́ ọ."

Obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá. Ìyá Àgbà wò ó. "Ẹja ni mò ń tà, ọwọ́ mi kò rùn. Ìwọ tó ń ta aṣọ, kí lò ń fi pamọ́?"

Ní ti wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, Ìyá Àgbà nìkan ni mo mọ̀ tí kì í sá fún un. Bí ọkùnrin náà bá ti yọ ní ìkóríta pẹ̀lú ṣòkòtò káákì péńpé àti fìlà líle orí rẹ̀, àwọn obìnrin yòókù á ti máa da omi ìkòkò nù kó má baà bá tanwíjí nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà á gbé àpótí fún un kó jókòó. Á ṣí ìkòkò fúnra rẹ̀. Á ní kó wo abẹ́ rẹ̀ náà. Wolé-wolé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ìjọba fún ní iṣẹ́ yìí." Ìyá Àgbà ní, "Bí wọ́n bá fún mi, ta ni yóò kù ní Bàríga tí mi ò ní mú?"

Ó ní kọ́ọ̀pù kan, tánganran funfun, olómorí. Ẹlòmíràn kì í fẹnu kàn án. Bí a bá pè é síbi ìkómọ, inú àpò rẹ̀ ló máa gbé e sí lọ. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti pásítọ̀, nítorí ife kan ṣoṣo ni gbogbo ìjọ fi ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Ìyá Àgbà sì kọ̀, ó ní òun ò lè mu nínú àjẹkù ẹnu àwọn èèyàn. Pásítọ̀ wá sílé wa láti bá a wí.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ Olúwa ni."

"Mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ Olúwa ni. Ṣé itọ́ Bàbá Ṣàmúẹ́lì náà, ti Olúwa ni?"

Pásítọ̀ gbé Bíbélì rẹ̀, ó dìde, torí òun náà mọ bí ẹnu Bàbá Ṣàmúẹ́lì ṣe rí. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ń dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú gbogbo èèyàn, á jókòó sí àga iwájú pátápátá kó lè kọ́kọ́ mu. Àwọn kan rò pé ìtara ni. Bí wọ́n bá ń yìn ín, á ní, "Ẹ má dúpẹ́. Imú mi ni mo ń sìn."

Háískúùlù wa wà lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ladi-Lak. Ilé-ìwé kékeré ni. Gbọ̀ngàn ìjọ kan ni wọ́n fi ẹní pín sí méjì, wọ́n kọ́ ilé alámọ̀ onípáànù tì í, wọ́n sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń sùn níbẹ̀. Bí kíláàsì kìíní bá ń kọrin lódì kejì ẹní, àwa á máa fi ohùn orin wọn ṣe ìṣirò. Lọ́jọ́ Ẹtì a máa ń ṣe dìbéètì, àwọn òbí á wá dúró lójú fèrèsé. A ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí kò borí rí, nítorí pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí a ní, inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ló máa ń parí sí, wíwá a sì ń gbà wá lákòókò ju gbígbá a lọ. Lọ́jọ́ Sátidé àwọn òbí á wá gé koríko. Onílẹ̀ àti apẹja, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. A fẹ́ràn ilé-ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ yẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

Ìyá Àgbà kò gbọ́ òyìnbó rárá, ṣùgbọ́n kì í pa dìbéètì jẹ. Á fi ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé, á gbọ́ tán, á sọ ẹni tó borí, ó sì sábà máa ń bá ti àwọn tíṣà mu. Mo bi í léèrè bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹni tó ń parọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kì í sinmi. Èdè wo ló wà nínú ìyẹn?"

Òun ni alágbàtọ́ àwọn ọmọ tó wá láti etí òkun. Àwọn bàbá wọn á fi ọkọ̀ gbé wọn dé Bàríga, wọ́n á tò wọ́n síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àpótí aṣọ wọn, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá, ọwọ́ yín la fi lé." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Àìkú, ó máa ń pè wọ́n wá sílé wa, èmi náà á wà lórí ìlà, á máa yẹ ẹ̀yìn etí wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí ìdọ̀tí létí rẹ̀, á fi kànhìnkànhìn ṣe é títí yóò fi pọ́n. "Ìwé tó bá gba etí ẹlẹ́gbin wọlé," á ní, "ibo ni yóò jókòó sí?"

Mi ò ní dárúkọ pírínsípà. Ó mọ ìṣirò kọ́ni, kì í na ọmọ láìnídìí. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni àṣẹ ìjọba. Ilé-ìwé náà kò tíì gba àṣẹ, bí alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kò bá sì wá wò ó kó fọwọ́ sí i, kò sí ọmọ tó lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá níbẹ̀. Kíláàsì tiwa ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó. Gbogbo wa là ń wo ọ̀nà alábẹ̀wò bí àgbẹ̀ ṣe ń wo òjò. Ìyá mi ti ń sọ ọ́ ládùúgbò pé èmi ni akọ̀wé àkọ́kọ́ tí yóò ti inú ilé ẹja jáde.

Ṣùgbọ́n ṣáláńgá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kànga sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó gbẹ́ wọn báyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò burú jù. Bí òjò bá ti dé, ilẹ̀ á mu omi yó, ṣáláńgá á kún, á máa ṣàn, ìdin á máa rìn lórí pákó ìtẹ̀sí. Àwa ọkùnrin máa ń sá wọ igbó. Àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ tó wà láàárín wa máa ń mú un mọ́ra títí wọ́n á fi délé, ẹlòmíràn á máa sunkún lójú ọ̀nà. Omi kànga á yí padà, á ní òórùn kan tí èèyàn kò lè pè lórúkọ. A ń mu ún. Òùngbẹ bọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ òórùn.

Ìyá Àgbà lọ bá pírínsípà, mo tẹ̀lé e, mo gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sùn nílé-ìwé.

"Pírínsípà, ẹ̀yin náà ń mu omi yìí?"

"Gbogbo wa là ń mu ún, Màmá."

"Ẹ má parọ́ fún mi. Ìyàwó yín ń pọn omi ẹ̀rọ, iwájú ilé mi ló ń gbà kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà tí wọn ò fẹ́ dá lóhùn. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gba àṣẹ ná. Bí a bá ti gbà á, a ó gbẹ́ kànga tuntun, a ó gbẹ́ ṣáláńgá tuntun. Bí a bá wá ń tú ilẹ̀ kiri nísinsìnyí, tí alábẹ̀wò bá yọ sí wa ńkọ́? Ẹ ní sùúrù."

Ìyá Àgbà gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. "Ikùn ọmọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù."

Èmi ni ìgbẹ́ ọ̀rìn kọ́kọ́ mú. Mi ò ní fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yà, ara mi ń rùn débi pé eṣinṣin kì í kúrò lórí ẹní mi. Ìyá mi lóyún nígbà náà, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó wọlé. Òun nìkan ló ń wọlé. Ó ń fọ̀ mí, ó ń pààrọ̀ aṣọ tí mo dùbúlẹ̀ lé, ó ń da eérú sí ohun tó yẹ kó da eérú sí, ó ń se omi, ó ń fún mi mu díẹ̀díẹ̀. Mo ń wo òrùlé. Ọjọ́ tí ojú mi kọ́kọ́ walẹ̀ dáadáa ni mo rí i pé kọ́ọ̀pù olómorí yẹn ló wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mu ún, dákẹ́."

Ara mi yá, mo padà sílé-ìwé, ọjọ́ alábẹ̀wò sì pé. Ká ní ẹ rí ilé-ìwé wa lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. A ti lọ yá bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Wọ́n yá ìwé tó kún pẹpẹ láti ilé-ìwé tí kì í ṣe tiwa. A fi ẹfun kun ògiri. Wọ́n ní kí a gbin òdòdó síwájú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ, a kàn ṣẹ́ ẹ̀ka òdòdó láti ọgbà àwọn èèyàn, a kì wọ́n mọ́lẹ̀ láìní gbòǹgbò. Wọ́n fi ẹní àti imọ̀ ọ̀pẹ bo ojú ṣáláńgá, wọ́n kọ ọ́ sára pákó pé ibi ìkó-irinṣẹ́-oko-sí ni. Wọ́n sì kọ́ wa pé ohunkóhun tí alábẹ̀wò bá bi wá, "Yẹ́sì, sà" ni kí a dáhùn, kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó dún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ṣì wà nílé, mò ń wọ aṣọ, nígbà tí tíṣà kan mú àwọn ọmọ etí òkun méjì wá, Fẹ́mi àti àbúrò rẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ti mú àwọn náà. Tíṣà kò lè wo ojú Ìyá Àgbà.

"Màmá, pírínsípà ní kí ẹ bá wa tọ́jú wọn di ìrọ̀lẹ́. Kí àlejò má baà bá wọn níbẹ̀."

Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní, ó gbé wọn dùbúlẹ̀. Ètè àbúrò Fẹ́mi ti funfun. Ìyá Àgbà wo tíṣà, mo ń dúró kó sọ pé ẹ̀gbin. Kò sọ ọ́. Ìyẹn ló yẹ kó ti jẹ́ kí n fura. Ó ní kí ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ náà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo lọ sílé-ìwé.

A ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nígbà tí alábẹ̀wò dé. Yorùbá bíi tiwa ni, ó wọ káákì, ó dé fìlà líle. Pírínsípà ń mú un wo òdòdó. Tábìlì kan wà lábẹ́ igi, wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ, ife dígí wà lórí rẹ̀ àti omi ẹ̀rọ tí wọ́n lọ pọn fún àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Àgbà tó ń bọ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó rìn tààrà bá alábẹ̀wò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, wolé-wolé. A ti ń retí yín."

Ẹ̀rín bú jáde lórí ìlà. Pírínsípà sún mọ́ ọn. "Màmá, kì í ṣe wolé-wolé o. Ọ̀gá wa láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ni."

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ọ̀hún ni, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó ti di ọwọ́ aṣọ alábẹ̀wò mú, ọkùnrin náà sì tẹ̀lé e, nítorí ẹni tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa kì í já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ arúgbó. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Ìyá Àgbà fa ẹní ya. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ wa níbi tí a tò sí. Alábẹ̀wò fi ìnujú bo imú. Ó wo ṣáláńgá, ó wo kànga nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àgbà padà sí ìdí tábìlì, ó mú ife dígí, kò wo omi ẹ̀rọ. Ó lọ sídìí kànga, ó ju korobá sínú rẹ̀, ó fà á, ó bu omi sínú ife, ó sì tún kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Gbogbo wa la ti ṣe é rí nílé wa. Omi là ń kọ́kọ́ fún àlejò, kò sì sí ọmọlúàbí tí í kọ omi lọ́wọ́ ìyá tó kúnlẹ̀.

"Ẹ gbà, ẹ mu ún. Omi ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ni."

Alábẹ̀wò gbà á. Ó mú ìnujú kúrò lẹ́nu. Ó gbé ife sókè.

"Ẹ má mu ún, sà," ni pírínsípà wí.

Ọ̀rọ̀ náà jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín. Alábẹ̀wò dá ọwọ́ dúró, ó yíjú sí i. "Kí ló dé tí mi ò fi ní mu ún?"

Pírínsípà ń nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Alábẹ̀wò gbé ife síwájú oòrùn, ó wò ó pẹ́, ó wá bojú wo àwa ọmọ.

"Ẹ̀yin, ẹ ń mu omi yìí?"

A dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ó sì dún.

"Yẹ́sì, sà."

Bí àṣẹ ṣe bọ́ nìyẹn. Àwọn òdòdó wa ti rọ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ti kànga náà pa. Fẹ́mi àti àbúrò rẹ̀ yè, ara wọn gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kíláàsì tiwa tú ká. Àwọn tí bàbá wọn mọ èèyàn rí ààyè ní ilé-ìwé mìíràn. Èmi di ọmọ iṣẹ́ káfíńtà.

Gbogbo àdúgbò ló gbà pé àìmọ̀wé ló fà á. Wọ́n ní arúgbó rí káákì, ó rò pé wolé-wolé ni. Àwọn òbí tó ń gé koríko pẹ̀lú rẹ̀ kò kí i mọ́ dáadáa. Ìyá mi ń bẹ̀ wọ́n, ó ní ojú ìyá òun kò ríran mọ́. Ojú tó lè rí ìdin nínú ẹja láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe òmùgọ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́. Làmídì, ọmọ obìnrin aláṣọ yẹn, tó ti ń lọ ilé-ìwé mìíràn, máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. "Báyọ̀, wolé-wolé ń wá ìyá yín o. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Mo rín ẹ̀rín yẹn títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja pé òun ló ba ayé mi jẹ́, pé ká ní ó mọ ìwé ni, ì bá jókòó sílé rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo gbọ́. Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò."

Ilé-ìwé gbẹ́ kànga tuntun sápá òkè, ó kọ́ ṣáláńgá tó dára, ó sì gba àṣẹ lẹ́yìn náà. Ọ̀gá mi ló gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn ṣáláńgá náà, èmi ni mo gbé e kọ́. Pírínsípà wá wò ó, ó ṣí i, ó tì í, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́. Ọkùnrin kan náà ló ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú yẹn. Kò sọ ẹni tó sọ pé kí àlejò má mu ún.

Ọdún yìí ni Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó wá kan èmi láti máa gbé póò rẹ̀ dà nù kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo di imú, mo yíjú sí ògiri. Ó rí mi.

"Ẹ̀gbin ni, àbí?"

"Rárá o, Màmá."

"Má parọ́. Èmi náà ń gbọ́ òórùn rẹ̀." Ó fa ìbora mọ́ra. "Báyọ̀, ojú mi kò fọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Kò sọ ọjọ́ wo. Mo gbé póò sílẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe wolé-wolé?"

"Wolé-wolé tó ń jókòó sórí àpótí mi látọdún mọ́dún, mo mọ irun imú rẹ̀. Ṣé mo wá lè fi ẹlòmíràn pè é?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Gbogbo èèyàn ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà."

"Ká ní mo sọ ọ́, ìjà èmi àti pírínsípà ni wọn ì bá máa sọ, wọn ò ní sọ̀rọ̀ kànga mọ́. Wọn ì bá sì lé àwọn ọmọ etí òkun nítorí mi. Ta ló ń bá òmùgọ̀ arúgbó jà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbẹ́ kànga."

Mo bi í ní ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ yẹn. "Ìwé tèmi ńkọ́?"

"Mo rò ó. Nínú yàrá, kí n tó wọ aṣọ, mo jókòó, mo rò ó. Mo mọ̀ pé ìwọ ló máa dùn jù."

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo ní bó bá di ọ̀la. Kọ́ọ̀pù olómorí yẹn wà nínú yàrá mi báyìí, mo bò ó, mi ò fi mu omi. Mo sì fẹ́ lè kọ ọ́ síbí pé nígbà tó di ọ̀la, tí mo tún lọ gbé póò náà, mi ò yíjú. Mo yíjú. Òórùn náà lé mi lójú sí ògiri bíi ti àná. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ẹ̀rín kékeré tí kò ní agbára.

"Yíjú, ọmọ mi, yíjú. Nígbà tó jẹ́ tìrẹ, mo máa ń wò ó dáadáa, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ti ń dín kù."